Àyà Tó Ń Súfèé: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ọyẹ́ ti dé, lẹ́tà yín náà sì ti dé. Ìdajì wọn ló dá lórí èémí tí kò já gaara. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí: yàrá tí a ti ń wọn èémí ni mo ti ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo máa ń dúró ti aláìsàn, tí màá máa pariwo "Ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ fẹ́ ẹ! Ẹ má dáwọ́ dúró!" títí àwọn tó jókòó níta á fi rò pé ìjà la ń jà. N kì í kọ oògùn fún ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Ohun tí ẹ̀rọ lè sọ àti ohun tí kò lè sọ ni mo mọ̀.

Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 63. Gàrí ni wọ́n ń dín láti ìgbà ọmọge wọn, wọn ò sì fi sìgá kan ẹnu rí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àyà wọn ti ń súfèé, wọn ò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láì jókòó sinmi lágbede méjì. Dókítà àkọ́kọ́ ní ásímà ni, ó fún wọn ní ínhélà aláwọ̀ búlúù. Èkejì wo èsì àyẹ̀wò, ó ní COPD ni, àrùn tó ń dí ọ̀nà èémí tí kì í sì í ṣí tán mọ́, pé àrùn àwọn amusìgá ni. Ẹ̀kẹta ní ká lọ wọn ìdènà tó wà nínú ọ̀nà èémí wọn, pé inú àpótí onígíláàsì kan ni wọ́n á jókòó sí. Owó rẹ̀ ga, ẹ̀rù àpótí náà sì ń ba ìyá mi. Ta ni ká gbà gbọ́? Mo fi ẹ̀dà èsì náà ránṣẹ́. — Ọmọ Alágàrí, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọmọ mi, mo rí èsì náà. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rẹ fẹ́ ẹ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bára mu, ó ṣeé gbára lé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ palẹ̀ ọ̀rọ̀ kan mọ́. Ẹni tó bá sọ pé àrùn amusìgá nìkan ni COPD kò tíì jókòó nídìí agbada gàrí rí. Èéfín igi tí èèyàn ń fà símú láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lọ́dún gbọgbọrọ, máa ń ba ọ̀nà èémí jẹ́ bí sìgá ṣe ń bà á jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó ti ń bà á jẹ́ jù yàtọ̀ díẹ̀. Màá padà sórí ìyàtọ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ìyá rẹ wà.

Ohun méjì ni ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́, spirometer, ń kà. Àkọ́kọ́ ni gbogbo atẹ́gùn tí wọ́n lè tú jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá fa èémí kún inú. Èkejì ni èyí tó jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n fa oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 2.05, ti ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ sì jẹ́ lítà 1.19. Pín 1.19 sí 2.05, wàá rí 0.58. Bí ó bá ti wà lábẹ́ 0.70 lẹ́yìn oògùn, ọ̀nà ti dí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Kí wọ́n tó fa oògùn, 1.10 ni wọ́n tú jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ náà, ìyẹn ni pé mílílítà 90 péré ni oògùn fi kún un. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èémí ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní 2022 ni pé ohun tí oògùn bá fi kún un gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nínú iye tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní. Lítà 2.00 ni ìwé yẹn kọ pé ó yẹ kí ìyá rẹ ní. Mílílítà 90 kò tó ìdá márùn-ún rẹ̀. Ohun tí dókítà kejì rí nìyẹn tó fi sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìwé yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ásímà tó ti pẹ́ lára láìrí ìtọ́jú gidi lè le débi pé oògùn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní ṣí i. Àwọn tó ní COPD náà wà tí oògùn ń ṣí díẹ̀ fún. Nítorí náà n kò bá dókítà àkọ́kọ́ jà, n kò sì bá èkejì jà. Ẹ̀kẹta ló bi ìbéèrè tó dára jù, kódà bí ẹ kò bá ní owó rẹ̀ lọ́wọ́.

Mú pure water kan, fi eyín gé igun rẹ̀ díẹ̀, kí o fún un. Bí ihò náà bá kéré, wàá lo agbára púpọ̀, omi díẹ̀ ni yóò sì jáde. Agbára tí o lò, tí a bá pín in sí iye omi tó jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun ni ìdènà. Omi tó jáde nìkan ni spirometer ń kà, kò mọ bí ìyá rẹ ṣe làágùn tó kí ó tó jáde. Àpótí onígíláàsì mọ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ihò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré o. Bí fífẹ̀ ọ̀nà atẹ́gùn bá dín sí ìlàjì, tí atẹ́gùn sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú rẹ̀, ìdènà rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń rìn kiri ọjà lánàá fi lè máa jà fún èémí lónìí, nítorí pé inú ọ̀nà náà wú díẹ̀.

Ní ti àpótí, sọ fún ìyá rẹ kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Arthur DuBois àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Philadelphia ló gbé ọ̀nà tí a ń gbà fi í wọn ìdènà jáde ní 1956, kò sì tíì jẹ ẹnikẹ́ni. Gíláàsì ló yí i ká: wọ́n á máa rí wọn, àwọn náà á máa rí ẹni tó wà níta, wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé ṣí láti inú. Bí wọ́n bá ti tì í, wọ́n á ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ooru ara wọn tó mú inú àpótí náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì dúró sójú kan. Nǹkan á há imú wọn, ẹnu á wà lórí ọ̀pá tí wọ́n ń mí sí, ọwọ́ méjèèjì á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú kó má baà máa fẹ̀. Wọ́n á máa mí bí wọ́n ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni ìdérí kékeré kan inú ọ̀pá náà á pa dé lójijì fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n á gbìyànjú láti mí, atẹ́gùn kò ní wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń sáré fa ẹnu yọ, tí a ó sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti mọ̀ ṣáájú pé ó ń bọ̀, tí wọ́n sì ń mí sí i bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

Inú àpótí yẹn kò ní ibi tí atẹ́gùn lè gbà jáde. Nítorí náà, bí àyà ṣe ń fẹ̀ tó sì ń sún kì, ìtẹ̀ atẹ́gùn inú àpótí ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Láti ara ìyípadà yẹn ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò ìtẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí ẹni tó lè ki ohun ìwọ̀n bọ̀. Ó tún ń sọ iye atẹ́gùn tó há sínú tí kò rọ́nà jáde, spirometer kò sì lè sọ ìyẹn láéláé.

Àwòrán tó ń jáde lójú ẹ̀rọ náà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe. Ti ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ mọ́ jẹ́ ìlà tín-ín-rín tó nàró. Ti alásímà tí àyà rẹ̀ fún pa máa ń dùbúlẹ̀, ní fífà àti ní títú jáde, nítorí pé iṣan tó yí ọ̀nà atẹ́gùn ká ló ti fún un, inú rẹ̀ sì wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ti ẹni tí àpò atẹ́gùn inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ yàtọ̀: fífà símú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dára, ṣùgbọ́n tó bá kan títú jáde, ìlà náà á tẹ̀, á sì yọ ikùn. Àwọn fọ́nrán tó ń fa àwọn ọ̀nà kéékèèké ṣí ti já nínú ẹ̀dọ̀fóró irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti fẹ́ tú èémí jáde, wọ́n á wó pa pọ̀. Ẹ máa rí irú wọn tí wọ́n ń sún ètè jọ láti tú èémí jáde díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó kọ́ wọn. Ara wọn ló ti wá ọgbọ́n tí ọ̀nà náà kò fi ní wó.

Wàyí o, ti ìyá rẹ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn obìnrin ilẹ̀ Mẹ́síkò fi hàn pé COPD tí èéfín igi ń fà kì í ba àpò atẹ́gùn jẹ́ tó ti sìgá. Àwọn ọ̀nà kéékèèké ló ń bá wí jù. Ṣé o rí ibi tó ń lọ? Ìdènà alágàrí lè ga, àwòrán rẹ̀ sì lè jọ ti alásímà. Bí àpótí bá sọ pé ìdènà ìyá rẹ ga, kò tíì sọ orúkọ àrùn náà. Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n á ti fa atẹ́gùn tí wọ́n pò mọ́ carbon monoxide díẹ̀, tí wọ́n á sì dì í mú sínú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. (Bẹ́ẹ̀ ni, gáàsì jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn mọ́lé yẹn ni, ṣùgbọ́n bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún péré ni, ẹ má sá.) Bí kò bá wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí àpò atẹ́gùn ti bàjẹ́, ásímà kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wọlé dáadáa, a jẹ́ pé a ṣì wà lójú kan náà: ó lè jẹ́ ásímà, ó lè jẹ́ COPD aléèéfín.

Nítorí náà ẹ má ta ilẹ̀ nítorí àpótí. Ohun tó máa ń ya ásímà sọ́tọ̀ jù ni pé kì í dúró sójú kan, ìdènà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní peak flow meter, ọ̀pá oníke ni, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Kí ìyá rẹ fẹ́ ẹ láàárọ̀ bí wọ́n bá ti jí, kí wọ́n tún fẹ́ ẹ lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta nígbà kọ̀ọ̀kan, kí o kọ èyí tó ga jù sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì. Lójoojúmọ́, yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó ga, kí o pín in sí agbedeméjì àwọn méjèèjì. Bí àròpọ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn, tí a bá pín in sí iye ọjọ́, bá ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀rọ̀ ti ń tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ásímà. Tèmi ni pé kí wọ́n lo ọ̀sẹ̀ kan nídìí agbada, kí wọ́n lo ìkejì nílé ẹbí tí kò sí èéfín. Àwọn ìwé tí èèyàn kọ báyìí ti ràn mí lọ́wọ́ ju ẹ̀rọ olówó iyebíye lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Kí o tún bi wọ́n: ṣé àyà wọn ń súfèé ní kékeré? Ṣé ikọ́ máa ń jí wọn lóru? Ṣé ojú ń yún wọn, tí wọ́n ń sín ní gbogbo àárọ̀? Ṣé wọ́n ti ní ikọ́ ife rí? Ikọ́ ife tó ti san lè fi ọ̀nà tó dí sílẹ̀ pẹ̀lú, bí ikọ́ náà bá sì ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà wò kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ orúkọ mìíràn.

Orúkọ yìí ṣe pàtàkì nítorí oògùn. Alásímà gbọ́dọ̀ ní ínhélà tó ń mú wíwú lọ, èyí tó ní sitẹ́rọ́ìdì, eléyìí tó ń ṣí ọ̀nà fún wákàtí gígùn kò sì gbọ́dọ̀ dá wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsí ìyẹn. Fún COPD, eléyìí tó ń ṣí ọ̀nà fún wákàtí gígùn la sábà máa fi ń bẹ̀rẹ̀. Aláwọ̀ búlúù nìkan kò tó fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun kan wà tí kò ní láti dúró de orúkọ: ẹ gbé ìyá yín kúrò nídìí èéfín. Ẹ gbé ààrò síta, kí ẹlòmíràn dín in, kí wọ́n máa ta á. Aṣọ tí wọ́n fi ń bo imú kò dá èéfín dúró.

Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Àyà rẹ̀ máa ń súfèé lóru. Níbi tí a gbé e lọ, wọ́n ní kó fẹ́ ẹ̀rọ, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín, tó ń tu itọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ní ká máa lọ, ká padà wá tó bá dàgbà. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe máa wò ó? — Bàbá Tóbi, Àkúrẹ́

Bàbá Tóbi, ẹ kú ọmọ. Kí n tó dárúkọ ẹ̀rọ kankan, ẹ dá mi lóhùn: ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ bá lè nawọ́ sí ọjọ́ kan pàtó tó ń jẹ ẹ̀pà, tó ń sáré, tó húkọ́ bí ẹni tí nǹkan há lọ́fun, tí àyà rẹ̀ sì ti ń súfèé láti ìgbà náà, pàápàá tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ má ka ìyókù ìdáhùn yìí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀pà náà fún wọn. Ẹ̀pà tó wọ ọ̀nà èémí kì í yọ́, dókítà ló ń fi irinṣẹ́ mú un jáde.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tó ń wá tó ń lọ, tó ń pọ̀ nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú un, ẹ padà wá jókòó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin ni kò lè fẹ́ spirometer bó ṣe yẹ, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ẹ̀rọ mìíràn wà, oscillometer, tí kò bèèrè ju kí ọmọ máa mí lọ. Ẹ jókòó, kí ó jókòó nàró, imú há, ẹnu lórí ọ̀pá, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rọ á máa rán ìgbì ohùn kéékèèké wọlé bó ṣe ń mí. Fún ọmọdé, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlógún tó, a ó sì tún un ṣe kí ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìgbì tó lọ́ra, èyí tó ń mì ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá, máa ń dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó ń mì ní ogún ìgbà kì í kọjá àwọn ọ̀nà ńlá. Bí ìdènà tí ti àkọ́kọ́ bá pàdé bá pọ̀ ju ti ìkejì lọ dáadáa, a mọ̀ pé àwọn ọ̀nà kéékèèké lọ́hùn-ún ló fún. Lẹ́yìn náà a ó fún un ní salbutamol, oògùn inú ínhélà aláwọ̀ búlúù, a ó dúró, a ó tún un wọ̀n. Bí ìdènà ìgbì tó lọ́ra bá fi ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún lọ sílẹ̀, oògùn ti ṣí nǹkan gidi nìyẹn. Láti bí ọmọ ọdún mẹ́ta ni èyí ti ń ṣeé ṣe. Kí ó má sunkún, kí bisikíìtì má sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀rọ yìí kò pọ̀ nítòsí wa. Bí ẹ kò bá rí i, dókítà ọmọdé tó gbọ́n lè tẹ́tí sí àyà rẹ̀ kí ó tó fa oògùn àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì fún un ní oògùn tó ń mú wíwú lọ fún oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹ wo ìyàtọ̀. "Ẹ padà wá tó bá dàgbà" kì í ṣe ìtọ́jú.

Ìyá wa, bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní Houston níbí. Mo mu sìgá fún ogún ọdún kí n tó jáwọ́. Ní 2021 wọ́n wọn èémí mi, wọ́n ní 84 nínú ọgọ́rùn-ún ni, kò sí wàhálà. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n láìpẹ́ yìí, ó di 77, wọ́n sì fi àmì pupa sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo lítà rẹ̀, iye kan náà ni. Ṣé mo ń ṣàìsàn ni àbí ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn? — Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ọ̀gá, ojú yín mú. Ẹ̀dọ̀fóró yín kò yí padà. Ẹni tí wọ́n ń fi yín wé ló yí padà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n á fi iye yín wé iye tó yẹ kí ẹni tí ọjọ́ orí àti gíga rẹ̀ jẹ́ ti yín ní. Fún ọdún púpọ̀, kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà tún máa ń bèèrè àwọ̀ ara. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ pé èèyàn dúdú ni yín, iye tí ó ń retí lọ́wọ́ yín á wá sílẹ̀, nígbà mìíràn ní ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, èémí kan náà á dà bí èyí tó dára. Ìtàn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. John Hutchinson gbé spirometer jáde ní London ní 1846. Kò pẹ́ sí i tí Samuel Cartwright, oníṣègùn kan ní Louisiana tó ń gbèjà oko ẹrú, fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kéde pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn ẹrú fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti òyìnbó, ó sì sọ ọ́ di ẹ̀rí pé iṣẹ́ àfipáṣe dára fún wọn! Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ àti ibi tí wọ́n ń sùn.

Ní 2022 ni wọ́n gbé ìṣirò tuntun jáde tí kò bèèrè àwọ̀ ara, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn èémí ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ní kí wọ́n máa lò ó ní 2023. Ilé ìwòsàn yín ti yí padà sí i nìyẹn. Inú mi dùn sí i, nítorí ìṣirò àtijọ́ lè mú kí òṣìṣẹ́ dúdú pàdánù owó gbà-máà-bínú. Ẹnu mi kò sì tíì kúrò níbẹ̀: àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n fún wa nínú ìṣirò àtijọ́ yẹn, àwa tí a wà nílé kò tó nǹkan nínú rẹ̀. A nílò irú ìwọ̀n tí BOLD, ìwádìí àgbáyé lórí ọ̀nà èémí tó dí, ṣe n'Ílé-Ifẹ̀, ní ìlú púpọ̀ sí i.

Fún ẹ̀yin, ẹ má wo 84 tàbí 77. Ẹ wo ìpín yẹn tí mo ṣàlàyé fún Ọmọ Alágàrí, ti ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ sí gbogbo èémí, nítorí àwọ̀ ara kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i padà. Bí ó bá wà lábẹ́ 0.70 lẹ́yìn oògùn, pẹ̀lú ogún ọdún sìgá, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò gáàsì oníṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá fún yín. Ní tiyín, àpò atẹ́gùn ni mo kọ́kọ́ fura sí.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. N kò ní ásímà rí. Láti oṣù mélòó kan ni àyà ti ń há mi, ínhélà tí wọ́n fún mi kò sì ràn án. Kò sí oògùn mìíràn tí mò ń lò, àfi oògùn tí mò ń kán sójú nítorí glaucoma. — Tíṣà, Òṣogbo

Ẹ̀yin tíṣà, "àfi" yẹn ni ìdáhùn lè wà. Ẹ wo ara ìgò oògùn ojú náà. Bí ẹ bá rí timolol níbẹ̀, ẹ gbé ìgò náà lọ bá dókítà ojú yín lónìí. Ohun tí a bá kán sójú máa ń ṣàn gba ihò kékeré igun ojú wọ imú, láti imú ó wọ ẹ̀jẹ̀. Timolol ń dí ibi tí ara fi ń ṣí ọ̀nà èémí, ibẹ̀ náà sì ni ínhélà búlúù fẹ́ gbà ṣiṣẹ́. Kò yani lẹ́nu pé kò ràn án. Ẹ má kàn sọ oògùn ojú nù lójú ara yín, glaucoma kì í ṣe ohun eré. Oríṣi mìíràn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá lè parí gbólóhùn kan láì mí hẹlẹ, ilé ìwòsàn tààrà ni.

Wọ́n ní kí n wá wọn èémí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni kí n jẹ, kí ni kí n wọ̀? — Ìyá Ìyàwó, Abẹ́òkúta

Ìyá Ìyàwó, ẹ jẹun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ iyán àjẹyó kí ẹ tó wá. Ẹ bi dókítà yín léèrè ínhélà tí ẹ lè dá dúró: ti aláwọ̀ búlúù, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú ló tó, àwọn ọlọ́jọ́ gígùn ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àyà bá fún yín lójú ọ̀nà, ẹ fa á, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fà á. Kò sí ọtí fún wákàtí mẹ́jọ ṣáájú, kò sí sìgá tàbí iṣẹ́ agbára fún wákàtí kan. Ní ti aṣọ, ẹ má wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì òde ìgbéyàwó wá, ẹ má sì fún ìró mọ́ ìdí bí ẹni ń lọ jà. Aṣọ tó bá há àyà tàbí ikùn ń jí èémí yín lọ, ẹ̀rọ á sì sọ pé àrùn ni. Eyín àtọwọ́dá, ẹ fi sẹ́nu, ó ń jẹ́ kí ètè di ọ̀pá mú dáadáa, àyàfi bó bá ń yọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Kí ẹ sì mú iye gíga yín wá, a ó tún un wọ̀n láìsí bàtà, nítorí gbogbo yín lẹ máa ń fi kún un.